Ojú Ìwé Mẹ́fà Tí Bàbá Fà Ya

Bí mo bá ti gbọ́ tí bébà ń ya, bàbá òpìtàn tí mo máa ń fi ọ̀kadà gbé káàkiri Ìdànrè ni mo máa ń rántí. Ohun tí ogun abẹ́lé fi sílẹ̀ nínú ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ń kọ ìwé lé lórí. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á padà lọ kà á fún ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Bí ẹni náà bá ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n á yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, ní Atosin, wọ́n ka ojú ìwé mẹ́fà fún màmá kan tí ọmọ wọn lọ sógun tí ò padà wálé mọ́.

Màmá ní, "Ẹ yọ gbogbo ẹ̀."

Bàbá fà á ya, wọ́n kó o lé màmá lọ́wọ́.

Mo pariwo, "Háà, Bàbá! Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ti wá síbí o!"

"Ogun ti gba ọmọ wọn. Ṣé kí èmi náà wá gba ìtàn wọn ni?"

Mo ti ń ṣáná sí ọ̀kadà nígbà tí màmá pè wá padà. "Orúkọ ọmọ mi nìkan ni kẹ́ ẹ kọ."

Bàbá na bíró sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó o pariwo, wá kọ ọ́." Èmi olódo, tí mo sá kúrò níléèwé kí wọ́n tó lé mi! Òógùn bò mí bí ẹni tó ń gun òkè. Màmá fi ìka tọ lẹ́tà wíwọ́ mi títí dé ìparí, wọ́n ní, "Òun nìyẹn."

Bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni Bàbá ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Bàbá, mo dúpẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ láyé mi, ìyẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò fi bíró pupa fagi lé.