Apá Agbádá Mi àti Róbọ́ọ̀tì Alábàárù

Fáànù ló sọ mí di olùkọ́ róbọ́ọ̀tì. Fáànù ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé wa l'Ólódì-Àpápá, ìyá kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ló kọ̀ tí kò yí mọ́. Mo wọlé lọ gba ṣọ́ọ̀kì, mo fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Èmi gan-an ò mọ ohun tí mo ṣe fún un títí dòní. Àmọ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan fi páálí irinṣẹ́ róbọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí ilé-ìwé, ní kété lẹ́yìn ọdún 2010, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa fi kọ́ àwọn ọmọ, èmi ni Mà kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún fáànù mi ṣe ńkọ́? Ẹ ò lè ṣe é ni?"

"Kò sí wàhálà, Mà."

Wàhálà wà. Físíìsì tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, orí pátákó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Mi ò de síkúrù kan rí kó má wọ́.

Ọmọ mẹ́fà ló yọjú. Méjì nínú wọn ni ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn jù: Godwin, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tún fóònù ṣe ní Malu Road, àti Rísíkátù, tí gbogbo wa ń pè ní Rísì, tí bàbá rẹ̀ ń wa tírélà ní pọ́ọ̀tù. Lọ́jọ́ kìíní, mo ki bátìrì bọ ẹ̀rọ náà lódì, èéfín rú jáde, mo ní ìdánwò ni mò ń ṣe. Látìgbà náà ni Godwin ò ti jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Bí mo bá ti nawọ́ sí sukudiráfà, á ní, "Sà, abeg, siddon. We go call you." Mo máa jókòó. Wọn kì í pè mí.

Mọ́tò kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì, èyí tó wà nínú páálí náà, ò tó, ni ẹ̀gbọ́n Godwin bá bá wa yọ méjì lára ẹ̀rọ fọ́tókópì tó ti kú. Bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Ìdíje róbọ́ọ̀tì kan ń bọ̀ láàárín àwọn ilé-ìwé. Iṣẹ́ tí wọ́n fún gbogbo ilé-ìwé tó fẹ́ díje ni pé kí róbọ́ọ̀tì wọn dá gbé àwọn àpótí kéékèèké láti ìkángun tábìlì kan dé ìkejì. Ọmọ Àpápá ò nílò àlàyé lórí ẹrù gbígbé. A sọ tiwa ní Alábàárù. Ó ní ojú méjì róbótó níwájú, ṣùgbọ́n ohùn ló fi ń ríran. Á ta ohùn tí etí wa ò lè gbọ́ síta. Bí ohùn náà bá gbá nǹkan tó sì yára padà wá, Alábàárù á mọ̀ pé òun ti dé ògiri ìkángun tábìlì, á sọ ẹrù kalẹ̀, á yí padà lọ gbé òmíràn. Rísì ló kọ́ ọ ní gbogbo ọgbọ́n yìí. Èmi ni mò ń ra omi fún wọn.

Bàbá Rísì ni ìṣòro wa. Ó ti bá àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ṣàdéhùn pé Rísì á máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, Sátidé yìí kan náà sì ni ẹgbẹ́ wa ń pàdé. Ó wá bá mi ní kíláàsì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Eré tí ọmọ mi ń fi Sátidé ṣe yìí, kí ló máa dà?"

"Bàbá, kì í ṣe eré o. Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ ìdíje, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Mo máa wá. Tí mo bá wá tí mo rí i pé eré ọmọdé ni, ṣọ́ọ̀bù àǹtí ẹ̀ ló ń lọ o. Ẹ ò ní bá mi jà."

Rísì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wolẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí.

Nítorí náà, mo pinnu pé bàbá yìí gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ gidi la ń ṣe. Kí ni mo ṣe lọ́jọ́ ìdíje? Mo wọ agbádá. Funfun báláú ni, ìyàwó mi sì ti fi sítáàṣì sí i títí tó fi le bíi páálí.

"Bàbá Tóyìn, ṣé ìdíje lẹ̀ ń lọ ni àbí ìgbéyàwó?" ló bi mí.

"Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀," ni mo dá a lóhùn, mo sì forí lé gbọ̀ngàn kan nítòsí Warehouse Road bí ẹni tó ń lọ gba oyè.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa gbìyànjú, èyí tó bá dára jù ni wọ́n máa kà. Nígbà àkọ́kọ́, mo dúró ti tábìlì pẹ́kípẹ́kí. Alábàárù gbé àpótí kan, ó dé àárín tábìlì, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yí padà. Ó tún gbé èkejì, àárín náà ló tún sọ ọ́ sí. Mo tún sún mọ́ tábìlì sí i, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn ló ń burú sí i. Mo ní bátìrì ni. Mo ní iná gbọ̀ngàn ni. Mo ní Godwin ló de síkúrù jù. Nígbà tí wọ́n fi máa fọn fèrè, kò sí àpótí kan ṣoṣo tó délé. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí bàbá Rísì láàárín àwọn òbí, ó ká apá mọ́ àyà. Ojú tì mí.

Wọ́n fún wa láyè díẹ̀ láti tún nǹkan ṣe kí ìgbìyànjú kejì tó bẹ̀rẹ̀. Rísì ò wo róbọ́ọ̀tì rárá. Èmi ló ń wò.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé apá yín sókè."

Mo gbé e sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ó tan Alábàárù, ó lọ tààrà dé ìkángun.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Apá agbádá mi balẹ̀ sórí tábìlì pẹ̀lú gbogbo líle rẹ̀. Alábàárù dé ibẹ̀, ó gbà pé òun ti délé, ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Na Sà be the wall!" Godwin figbe ta. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Rísì ní kí n bọ́ agbádá. Wàyí o, agbádá nìkan la tọ́jú nílé. Bùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ya lábíyá, mo sì ti fọkàn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Gbogbo Àpápá rí i. Rísì ká agbádá náà, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún bàbá rẹ̀ kó bá a dì í mú, ó sì ní kí n lọ jókòó tì í. Mo jókòó, mo há apá mọ́ra.

Nígbà kejì, Alábàárù gbé àpótí kìíní délé. Ó gbé èkejì délé. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta, bàbá Rísì ti dìde láìmọ̀, ó ń fi agbádá mi juwọ́ bí ẹni tó ń darí tírélà wọ yáàdì: "Máa bọ̀! Máa bọ̀! Wọlé!" Gbogbo sítáàṣì ìyàwó mi run síbẹ̀.

Ipò kẹta la gbà. Bàbá náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, nígbà tí nǹkan yẹn kọ̀, gbogbo ayé lẹ̀ ń bá jà. Ọmọ mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dúró, ó wá ohun tó dí i lọ́nà. Mo mọ ọ̀gá mẹkáníìkì tí ò ní irú sùúrù yẹn."

"Sátidé ńkọ́, Bàbá?"

"Àǹtí ẹ̀ á wá ọmọ iṣẹ́ míì." Ó na agbádá sí mi, ó ti rún pátápátá. "Ẹ gba aṣọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́ wá mọ́."

Kò pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni mo yà sí ilé-ìwé náà lọ́jọ́ Sátidé kan. Rísì, tó ti wà ní yunifásítì nígbà náà, ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní róbọ́ọ̀tì. Ọmọbìnrin kékeré kan tí kò mọ̀ mí rí dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá aṣọ yín kẹ́ ẹ tó sún mọ́ tábìlì. Òfin ni."

"Ta ló ṣòfin yẹn?"

"Wọ́n ní tíṣà kan ló fi apá agbádá dí róbọ́ọ̀tì lọ́nà láyé àtijọ́. Òun ló kọ́ Àǹtí Rísì."

Láyé àtijọ́! Mo wo Rísì, ó ti fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Inú mi dùn. Mo ká apá aṣọ mi dé èjìká, mo sì wọlé.