Oògùn Tí Ìyá Mi Pa Tì Lẹ́yìn Sàráà

Ìyá mi ò gbà pé àárẹ̀ jẹ́ àìsàn. Ní ọjà Kantamanto ní Gánà, níbi tí ìyá mi ti ń ta aṣọ ọmọdé tó ti òkè òkun wá, ta ni kì í rẹ̀? Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí ikùn wọn lápá òsì le, tí òógùn sì ń rin aṣọ ìbora wọn gbingbin láràárọ̀, wọ́n ní ooru Mamobi, àdúgbò wa, ni. Èmi tí mo ń rán aṣọ tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn ni mo fi ìjà mú wọn lọ sílé ìwòsàn. Mo mọ ìjà jà dáadáa. Àwọn náà ló kọ́ mi.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, ọmọ Gánà, kò tó mi lọ́jọ́ orí. Ó wo èsì àyẹ̀wò, ó fi Twi sọ pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ìyá mi gbọ́ Twi dáadáa, síbẹ̀ wọ́n yíjú sí mi kí n tún un sọ ní Yorùbá, bóyá ó máa fúyẹ́ díẹ̀ tó bá dé èdè tiwa. Kò fúyẹ́.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní ara ènìyàn kún fún sẹ́ẹ̀lì, àwọn nǹkan tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, àti pé purotéènì kan wà nínú wọn tó jẹ́ oníṣẹ́, bí ẹni tí a ń rán níṣẹ́. Tí ara bá nílò ẹ̀jẹ̀ sí i, òun ló máa ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín, kó máa pọ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó, á dákẹ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá mi, ibi méjì ti já nínú ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe oníṣẹ́ yìí, wọ́n sì ti lẹ̀ pọ̀ níbi tí kò yẹ. Èyí tó jáde níbẹ̀ kò mọ bí a ti ń dákẹ́. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an ló ń jẹ́ tọ̀sán tòru.

Mo ronú bí màá ṣe gbé e kalẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ kà á sí ẹni tí ẹ rán lọ pe àwọn kayayóò pé kí wọ́n wá ru bélì aṣọ yín. Wọ́n ti rù ú tán, oníṣẹ́ yín ṣì wà lójú títì tó ń pe alárù. Wọ́n ń wọlé ṣáá. Ìsọ̀ kún, oníbàárà ò ráyè dúró."

"Ta ló kọ́ oníṣẹ́ náà nírú ẹ̀?"

Mo bi dókítà. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ó kàn bàjẹ́ ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n jẹ tàbí ohun tí wọ́n ṣe. Ìyá mi mí kanlẹ̀.

Oògùn wà, hóró kan lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Kì í lé oníṣẹ́ náà lọ, ẹnu rẹ̀ ló ń dí. Dókítà tẹnu mọ́ ọn pé ìgbà tí oògùn bá wà lára nìkan ló máa ń dákẹ́, pé tí a bá dá a dúró, ikú lè tìdí ẹ̀ wá. Mo túmọ̀ ìyẹn náà, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ikùn rọ̀, ara wọn padà bọ̀ sípò, wọ́n tún ń fi oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀ ní Ga àti Hausa. Nígbà tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti dára, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún wa ohun tó kàn. Láàrin àwa ará Mamobi tí a jẹ́ Yorùbá, ẹni tí Ọlọ́run bá wò sàn máa ń ṣe sàráà ìdúpẹ́. A se waakye, ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà, ìkòkò ńlá. A pa àgbò. Àwọn àfáà jókòó sórí ẹní, wọ́n ṣàdúrà pé àìsàn yẹn ti lọ, kò ní padà mọ́. Gbogbo ara ni mo fi ṣe àmín.

Láti ọjọ́ kejì ni ìyá mi ò ti lo oògùn mọ́. Mi ò mọ̀, àfìgbà tí òógùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í rin aṣọ ìbora wọn. Mo bi wọ́n léèrè, wọn ò sì purọ́ fún mi.

"Mo ti ṣe sàráà," wọ́n ní. "Gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbà á. Tí mo bá wá ń gbé oògùn mì lẹ́yìn ẹ̀, ṣé kì í ṣe pé mò ń sọ fún Ọlọ́run pé mi ò gbà á gbọ́ ni? Wallahi, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo jáde síta kí n má baà sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí ìyá. Inú bí mi gidi. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé kì í ṣe agídí ló fà á. Wọ́n ń dúpẹ́ ni.

A padà sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò tí ẹnu oníṣẹ́ yẹn fi là, àwọn sẹ́ẹ̀lì burúkú ti pọ̀, àwọn kan sì ti yí padà débi tí oògùn kò fi rí ibi mú mọ́. Dókítà fún wọn ní oògùn mìíràn, ìyẹn náà kò ràn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ yìí ò gbọ́ pé mo ti dúpẹ́ ni?"

"Àìsàn tó ń ṣe é nìyẹn, Màámi. Kì í gbọ́."

"Ó jọ ẹ́," wọ́n ní, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n gbé oògùn àti omi wá. Wọn ò fo ọjọ́ kan mọ́ látìgbà náà. Ó ti pẹ́ jù. Ọyẹ́ ò tíì tán tí wọ́n fi kú.

Níbi àdúrà fìdáù wọn, obìnrin kan tí òun àti ìyá mi jọ ń lọ sí ilé kéwú jókòó tì mí, wọ́n ní kí n má sunkún, pé ẹni tó kú sínú ọpẹ́ ò pàdánù. Wọ́n ní àwọn náà ti ṣe sàráà tiwọn lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, pé látìgbà náà àwọn ò fojú kan oògùn. Mo bi wọ́n pé níbo ni oògùn náà wà. Wọ́n ní ó wà nílé.

Àfáà ṣì ń ṣàdúrà fún ìyá mi lọ́wọ́. Mo dìde, mo di ọwọ́ obìnrin náà mú, a gba àárín èrò kọjá lọ sílé wọn. Mo bu omi. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbé oògùn náà mì, mo sì ní kí wọ́n la ẹnu kí n wò ó.