Efinrin Inú Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Bí ìyàwó mi bá ti ń rẹ́ efinrin sọ́bẹ̀, ilé wa létí ọ̀sà ní Bàrígà ni ọkàn mi ń lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo ṣì kéré, ọsibítù dá bàbá àgbà padà sílé, wọ́n ní àìsàn náà ti kọjá agbára àwọn. Màmá àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó já efinrin tó gbìn sínú ògbólógbòó ọkọ̀ ìpẹja bàbá àgbà tó ti jò, ó gbo ó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì fi ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ṣé inú ọkọ̀ mi lo ti já a?"

"Inú rẹ̀ ni. Ẹ sùn."

Ìrora tí abẹ́rẹ́ ò kápá rọlẹ̀, bàbá sùn fọnfọn. Mo sáré gbé àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kó lè rí i mú lọ pẹja lọ́la. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé oorun yẹn nìkan ni màmá ń wá fún un.

Màmá rí àjẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Kò ní kí n gbé e kúrò.