Àjà Tó Gbòòrò Jù

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni. Bàbá káfíńtà tí wọ́n pè wá wo àjà gbé e lé kùkùté igi kan tó yọ jáde lára òrùlé, ó fi ń pa ojú ibi tí ayùn ti gé e. Díẹ̀díẹ̀. Sókè, sílẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé. Ó dúró. Ó gbé àtàǹpàkò náà sún mọ́ iná tọ́ọ̀ṣì, ó wo eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó nù ún sára ṣòkòtò. Ó rá lọ sídìí kùkùté kejì.

Aránṣọ, ìyàwó ilé náà, ń wò ó láti ẹnu ihò àjà. Orí àti èjìká rẹ̀ wà lókè, ìyókù ara rẹ̀ wà lórí àkàbà. Inú rẹ̀ ṣì ń dùn nígbà náà.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ránṣọ lórí tábìlì ìjẹun. Bí oúnjẹ bá ti jinná, kó ká aṣọ, kó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, kó ṣa abẹ́rẹ́, kó nu fọ́nrán òwú kúrò kó má bàa bá ẹnikẹ́ni wọnú ọ̀fun. Bí wọ́n bá jẹun tán, kó tún gbogbo rẹ̀ gbé padà. Ní ọdún tó kọjá, ọbẹ̀ ta sí aṣọ ìyàwó ojú ọ̀nà kan. Ìyàwó náà kò bínú. Ó kàn mú aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rin.

Yàrá kan. Yàrá tó nílẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ohun tó ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé oníyàrá méjì kò sì ní in, àfi lókè.

Oṣù mẹ́ta ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi jà lórí àjà náà. Ìjà tó dùn. Ọkọ a gòkè, a wọn ibẹ̀, a máa pe iye rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìyàwó a máa yà á sórí bébà tó fi ń gé aṣọ. Ó fi ìka kan sílẹ̀ yí etí rẹ̀ ká, bó ṣe máa ń fi ojú rírán sílẹ̀ lára ẹ̀wù. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ rán ògiri pọ̀ mọ́ ara wọn ni?"

"Bó bá fún, ẹ óò mọ ìdí tí mo fi fi í sílẹ̀."

Ọkọ fẹ́ fèrèsé tó yọrí síta lára òrùlé. Aránṣọ fẹ́ èyí tó sùn pẹrẹsẹ, ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, torí ẹni tó ń fi òwú dúdú rán aṣọ dúdú, ìmọ́lẹ̀ ni ojú rẹ̀ kejì. Tìyàwó borí. Àtẹ̀gùn á gba ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ gòkè. Tábìlì ìgéṣọ á wà láàárín gbùngbùn, níbi tí èèyàn ti lè nàró.

Ilé mẹ́rìndínlógún ló wà ní òpópónà náà, ọwọ́ kan náà ló kọ́ gbogbo wọn. Ìyàwó ilé kejì ti sọ fún un pé, "Àjà tiwa kún fún igi bí igbó. Ológbò gan-an máa ń ronú kó tó wọ ibẹ̀."

"Tiwa gbòòrò. Bàbá àwọn ọmọ ní èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀."

Ó sọ ọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bí ilé méjì tó jọra bí ìbejì ṣe lè ní ikùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ìyàwó," bàbá káfíńtà pè é láti inú òkùnkùn. "Ta ló gé àwọn igi tó wà níbí?"

"Igi wo, Bàbá?"

"Tàárín. Mẹ́fà ni."

"Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn."

"Rárá o. Ayùn ọwọ́ ni. Ẹni tó gé e kò kánjú. Ó tún fi nǹkan dán etí rẹ̀, kó má gún èèyàn lọ́wọ́."

Aránṣọ di igi àkàbà mú. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé tó lè jókòó sínú òkùnkùn, kó máa dán kùkùté tí ẹnikẹ́ni kò ní rí.

Bàbá káfíńtà ta okùn láti òpin àjà dé òpin, ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ọ̀pá òrùlé. Ìka mẹ́rin. Ó tún un wọ̀n. Ìka mẹ́rin.

"Òrùlé dà bí ẹni tó la ẹsẹ̀ dúró. Àwọn igi yẹn ló so ẹsẹ̀ náà pọ̀. Ní báyìí, ó ń yà lọ. Kí ló wà lábẹ́ ibi tí mo wà yìí?"

"Yàrá àwọn ọmọ."

"Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ rọra."

Ìgbà yẹn ni ọkọ wọlé. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń wà, ó ti já ọmọ tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó sì já tirẹ̀ méjèèjì sọ́dọ̀ aládùúgbò. Mo-Lè-Ṣe-É ni gbogbo òpópónà ń pè é. Irin omi ń jò, mo lè ṣe é. Àga ṣẹ́, mo lè ṣe é.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí pápá ìṣeré wa?"

"Ọ̀gá dírébà, ta ló gé igi?"

"Èmi ni." Àyà rẹ̀ tún wú sí i. "Wọ́n kàn dábùú síbẹ̀ ni. Èèyàn ò lè gbé àpótí kọjá. Ó ti tó ọdún mẹ́fà."

"Kí lẹ fi wọ́n ṣe?"

Ojú ọkọ lọ sí ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ, ojú aránṣọ sì tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀dì alágbèékà tí ọkọ kàn fún àwọn ọmọ, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, igi ìdábùú, àkàbà kékeré. Iṣẹ́ tí gbogbo àlejò máa ń yìn. Ọdún mẹ́fà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń sùn lórí igi tó yẹ kó gbé òrùlé dúró lórí wọn.

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rántí bí òkè ṣe ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ nígbà ìjì, tí ọkọ rẹ̀ sì ní ilé ń nara ni. Ó rántí pé òun rẹ́rìn-ín.

"Mo rò pé igi tó pọ̀ jù ni," ni ọkọ wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Nínú òrùlé?" bàbá káfíńtà ní. "Ta ló lówó tó fi ń ra igi ìranù?"

"Ẹ jẹ́ ká tú bẹ́ẹ̀dì náà. Mo lè…"

"Wọ́n ti kúrú. Ẹ ti gé wọn bá ìwọ̀n ọmọ."

Aránṣọ gbọ́ ohùn ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.

"Yàrá mi ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá káfíńtà nawọ́ sókè sí ihò àjà. "Igi mẹ́fà tuntun á padà sí àárín. Ẹ ò ní ríbi gbé tábìlì. Òrùlé tó ti tẹ̀ báyìí, èmi ò ní gbé èèyàn lé e lórí. Bí ẹ bá rí ẹni tó gbà, ẹ má pè mí wá wò ó."

Ó fi òpó mẹ́ta ti àjà yàrá àwọn ọmọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ gbé bẹ́ẹ̀dì náà jáde ní wẹ́wẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ òrùlé gbà. Àwọn ọmọ ti padà sí yàrá wọn, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n rà. Yàrá tọkọtaya ti di yàrá ìránṣọ. Ọkọ ló kó ẹrù ibẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Pálọ̀ ni àwọn méjèèjì ń sùn.