Ìgbafẹ́ Ọ̀nà Òkè-Oyì

Àbúrò mi tó wà ní Kánádà fi fọ́tò ránṣẹ́: òun àti igi kan tí ewé rẹ̀ pọ́n. Ó ní àwọn wa mọ́tò lọ sọ́nà jíjìn torí kí àwọn lè wo ewé tó fẹ́ já bọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbálẹ̀ là ń gbé sí i.

Èmi náà kúkú gbafẹ́, nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ ń yọjú. Bàbá mi ni mo gbé. Ojú wọn ti ṣe bàìbàì, ọ̀dọ̀ mi ní Basin nígboro ni wọ́n ń gbé láti ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn pé ẹ̀wọ̀n ni mo fi àwọn sí. Ẹ̀wọ̀n tó ní fáànù o! Oko wọn lọ́nà Òkè-Oyì ni wọ́n fẹ́ padà sí. Wọ́n ní tí àwọn bá fi imú àti etí mọ gbogbo ibi tí a bá dé, kí n jẹ́ kí àwọn lọ. Tí àwọn bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn ò ní dárúkọ oko mọ́. Mo ní bísímílà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò ṣe ni. Wọ́n ní, "Pa nǹkan yẹn, ó ń di mí nímú." Mo ṣí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, eruku bá wa jókòó.

"Ìpàta nìyí. Iṣu tuntun."

"Ẹ kú làákàyè, Bàbá." Ta ni ò mọ ọjà Ìpàta?

Níwájú, wọ́n ní, "Láfún ni wọ́n sá sétí títì." Òótọ́ ni. "Wọ́n ti ń sun igbó." Òótọ́ ni. "Màlúù kọjá níbí láàárọ̀ yìí." Ìgbẹ́ ẹ̀ rèé lábẹ́ táyà mi.

Kí n má parọ́, ọ̀nà náà dùn. Koríko ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, orí ọkà bàbà ti tẹ̀, atẹ́gùn ń gbé òórùn èéfín àti ewé gbígbẹ wá. Inú mi dùn, n ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

"Dúró. Ewé ọkà mi ló ń dún yẹn."

Oko wọn kọ́. Wọ́n ti ránṣẹ́ sílé nígbà òjò pé kí wọ́n bá àwọn gbin ọkà. Ẹnì kankan ò gbìn ín. Igbó tó wà níwájú ni tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n borí. Mo dá mọ́tò dúró.

Mo ní, "Ẹ jàre, Bàbá. Oko yín ni."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di pòròpórò mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mà gbìn ín!"

Ọkùnrin kan nàró láàárín ọkà. "Bàbá! Ẹ káàbọ̀ o!"

Ta ni wọ́n ń kí káàbọ̀ lórí oko ara rẹ̀? Ẹ kú oko ni wọ́n ń kí olóko. Ẹ̀rín bọ́ lójú Bàbá mi. Wọ́n ní kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i fún un, wọ́n sì fọwọ́ wá mọ́tò kiri títí wọ́n fi rí ilẹ̀kùn.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú."

Wọ́n ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́ wọn fúnra wọn.

"Tan amúlétutù ẹ. Ká máa lọ sílé."