Bí A Ṣe Gba Ilé Kọ́ọ̀tù Òde Mahin Sílẹ̀

Ọdún tí òkun gba ilé ìyá mi ní Awoye ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rí ilé kọ́ọ̀tù àtijọ́ ní Òde Mahin lónìí lè rò pé ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ìjà ló gbà á sílẹ̀. Mo wà nínú ìjà náà, nítorí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja nígbà náà.

Láyé òyìnbó ni wọ́n kọ́ ilé náà sórí òpó igi ńláńlá. Ìjọba ló ni ín, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ló fi ọkọ̀ àjẹ̀ kó pákó rẹ̀ wá, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí òkun lé wa kúrò ní Awoye, orí pákó yẹn ni èmi, ìyá mi àti ọ̀pọ̀ ẹbí tẹ́ ẹní sí títí a fi rí ibi forí pa mọ́ sí. Nígbà tí a wá gbọ́ pé ìjọba ọjọ́ náà fẹ́ tà á fún oníṣòwò kan tí yóò wó o, tí yóò fi ibẹ̀ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ara mi kò gbà á.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló kó àwọn káfíńtà wá nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Kí a tó gbọ́, wọ́n ti ká páànù apá kan kúrò. Alhaja Sẹ̀fíyà, tó ń ta epo àti iyọ̀ létí omi, ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìdájọ́, ó jókòó. Àwa yòókù jókòó tì í.

Òṣìṣẹ́ náà ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dákun, ẹ dìde. Ohun ìjọba ni, ìjọba sì lè ta ohun rẹ̀."

Alhaja bi í pé, "Ta ni ìjọba, ọmọ mi?"

"Gómìnà ni, mà."

"Gómìnà á lọ, òmíràn á dé. Ilé ni wọ́n ń bá níbí. Ẹni tí a ní kó máa ṣọ́ ilé kò lè ta ilé."

Òṣìṣẹ́ náà kó àwọn káfíńtà rẹ̀ padà. Àwa kò kúrò ní tiwa. Abẹ́ ilé náà la ti ń yan ẹja, òkè la ń sùn, à ń pín ìṣọ́ ṣe láàárín ara wa.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló wà lẹ́yìn wa. Dèjì, olórí àwọn ọ̀dọ́, kò fi bò fún mi.

"Màmá, ilé tó ń jò lẹ ń jà fún. Epo rọ̀bì ti ba omi jẹ́, ẹja ò sí lódò bíi tàtijọ́. Òtẹ́ẹ̀lì á fún wa níṣẹ́. Kí lẹ fẹ́ ká máa jẹ?"

Ó dùn mí, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Mi ò ní kí o má wáṣẹ́, Dèjì. Àyè ṣì wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n lè kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí. Kí ló dé tó jẹ́ ibi tí à ń sá sí gan-an ni wọ́n yàn?"

Ó kọjá lọ.

Lẹ́yìn náà ni oníṣòwò ọ̀hún wá bá ìlú ṣèpàdé. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, àwọn ọ̀dọ́ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Dèjì dìde. "Ẹ̀gbọ́n, bí omi bá tún lé àwọn ará Awoye wá, ṣé ìyá mi á lè wá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "A ó fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu géètì, àbúrò mi. Ẹni tó bá lè sanwó la ó máa gbà."

Dèjì jókòó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó àwọn ọ̀dọ́ wá bá wa lórí ilé.

Oníṣòwò náà fà sẹ́yìn. Àwọn kan ti ń jó, Alhaja ní ká má tíì jó. Ó ní eléyìí lọ, ẹlòmíràn ń bọ̀, àfi tí òfin bá dè wọ́n lọ́wọ́. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn Àkúrẹ́. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbokoda, a ó wá wọ mọ́tò. Ohun tí a fẹ́ ni kí òfin dárúkọ àwọn ilé ìjọba tó ti di ìtàn, kí ẹnikẹ́ni má lè tà wọ́n tàbí wó wọn láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin gbọ́ tẹnu ará ìlú, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n pè wá wá sọ tẹnu wa, aṣòfin kan bi mí pé, "Màmá, tí a bá ń fi òfin de gbogbo ògbólógbòó ilé, nígbà wo la ó ní ìdàgbàsókè?"

Mo ní, "Ọ̀nọ́rébù, òkun ti gbé ilé ẹ̀kọ́ mi, ó ti gbé ibojì bàbá mi. Ìwọ̀nba tó kù tí a ṣì lè fọwọ́ kàn la wá bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ má bá òkun gbà á lọ́wọ́ wa."

Ó kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, sáà wọn parí kí àbá náà tó di òfin. A tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin tuntun bí ẹni pé a kò débẹ̀ rí. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Gómìnà mìíràn ló fọwọ́ sí i.

Alhaja kò rí ọjọ́ náà. Dèjì ní òun fẹ́ lọ ka òfin ọ̀hún sétí sàréè rẹ̀. Mo rò pé ìwà ọmọdé ni, mo sì bá a lọ.

Kò sẹ́ni tó lè ta ilé náà mọ́. Ìyẹn, a jà á gbà. Ṣùgbọ́n òjò ti jẹ apá tí wọ́n ká páànù rẹ̀, tábìlì adájọ́ ti jẹrà, kò sì sí òfin tó lè dá a padà. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin náà pé kí ìjọba máa tún ilé náà ṣe. Títí di òní, a kò tíì rí ẹni tó gbé ìṣó kan wá. Òkun náà kò gbọ́ òfin. Ó ń jẹ Araromi, ó ń jẹ Awoye, a ṣì ń retí ògiri tí yóò dá a dúró.

Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè máa wọ ọkọ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ó lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹ bá dé Àkúrẹ́ tí wọ́n bi yín pé ta ló rán yín wá, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ sọ fún wọn pé onílé ni yín.