Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ àti Oògùn Jẹjẹrẹ

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn aláìsàn ń pe nọ́ọ̀sì yìí, nítorí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dunni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi po oògùn jẹjẹrẹ lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ kì í dá ara líle sí bó bá kàn án. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Bóyá oògùn ló fà á, bóyá òun kọ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ó fi pamọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò gbé òun kúrò ní wọ́ọ̀dù. Bàbá káfíńtà kan sì wà níbẹ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti sá wọnú ẹran. Nọ́ọ̀sì yìí nìkan ló ń rí i fi abẹ́rẹ́ mú, bàbá náà sì máa ń fi àwàdà pè é ní ìyàwó òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìgò oògùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́, omi rẹ̀ sì ta sí i lápá. Ó sáré bọ́ aṣọ, ó ń fi ọṣẹ àti omi fọ apá náà. Ibẹ̀ ni mátírọ́nì ti bá a tó ń sunkún.

"Ṣé ó ta sí ẹ lójú ni?"

"Rárá, mà. Mo lóyún ni."

Mátírọ́nì wá àga jókòó. "Ìwọ ọmọ yìí! O wá gbé iná sórí òrùlé, o lọ sùn! Láti òní lọ, yàrá káàdì nísàlẹ̀ ni wàá ti máa ṣiṣẹ́."

Nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń to káàdì, ọkàn rẹ̀ wà lókè. Lọ́jọ́ kan, káfíńtà ránṣẹ́ sí i: "Ẹ sọ fún ìyàwó mi pé iṣan mi ń bínú, kò dá ẹlòmíì lóhùn." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò gòkè.

Ó bí obìnrin. Ìgbà tó já a lẹ́nu ọmú ló tó padà sí wọ́ọ̀dù. Mátírọ́nì ti jà títí wọ́n fi ra àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń po oògùn nínú rẹ̀, pẹ̀lú gáúnù àti ìbọ̀wọ́ méjì-méjì lórí ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló jókòó sórí àga tí káfíńtà ti máa ń gba oògùn.

"Bàbá ti re ibi àgbà ń rè," ni mátírọ́nì wí. "Ó béèrè ẹ títí."

Lọ́jọ́ náà, bó ṣe délé, ọmọ na ọwọ́ sí i. Kò gbọ́dọ̀ gbé e láìtíì wẹ oògùn kúrò lára. Ọmọ ń ké lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, òun náà ń dáhùn láti inú omi: "Mò ń bọ̀, ìyá mi. Mò ń bọ̀."